Mo Fi Síìmù Ìyàwó Mi Tó Kú Tan Ìyá Rẹ̀ Jẹ

Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò kọ èyí kí ẹ lè bá mi kẹ́dùn. Àwọn tó bá mi kẹ́dùn nígbà tí ìyàwó mi kú ti ṣe é, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo fẹ́ sọ.

Abdulfatai Fọláyan ni orúkọ mi. Òsì ni mo ń gbé, níbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Rédíò ni mo ń tún ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, mo kọ́ iṣẹ́ àpótí tó ń gba àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹni tó ní adágún ẹja ní Òkè-Ọ̀pin lè jókòó sí Ìlọrin, kó tẹ "TAN" ránṣẹ́ sí àpótí náà, ẹ̀rọ tí ń fa omi á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tó bá tẹ "PA", ẹ̀rọ á dákẹ́. Àpótí náà á kọ̀wé padà pé òun ti ṣe é.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Módẹ̀mù kan wà tí à ń ki síìmù bọ̀ bíi ti fóònù. Pátákó kékeré kan sì wà tí à ń kọ àṣẹ sínú rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà. Módẹ̀mù ló ń gbọ́ tó sì ń sọ. Pátákó ló ń pinnu ohun tí wọ́n máa sọ.

Asiat ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó dìde níbi iṣẹ́ láti lọ mu omi. Kò dé ibi omi náà. A sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìyá rẹ̀ kò gbọ́.

Màmá Mùfúlíátù, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń gbé ní Ìlọfà, nílé àkọ́bí wọn, Bùrọ̀dá Sulaiman. Etí Màmá ti di pátápátá. Bí ẹ bá pariwo sí wọn létí, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ ni. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni Màmá fi ń bá Asiat sọ̀rọ̀ láràárọ̀. Bí ẹ bá wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ ó gba fóònù wọn, ẹ ó tẹ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sí i, ẹ ó sì nà án padà sí wọn. Asiat ló kọ́ wọn.

Lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan kì í ṣàdédé lọ sọ fún ìyá arúgbó pé ọmọ rẹ̀ kú. Àwọn àgbà ẹbí ló ń yan ọjọ́. Wọ́n á kóra jọ lọ ní kùtùkùtù, wọ́n á gbé omi tútù dání, wọ́n á túfọ̀. Títí ọjọ́ náà á fi pé, gbogbo ẹnu ló ń pa á mọ́. Bùrọ̀dá Sulaiman ní kó di ẹ̀yìn àdúrà ogójì. Wọ́n kọ ọ́ sínú fóònù Màmá pé Asiat ti lọ sí Kàdúná lọ wẹ ọmọ Hikmah, ọmọ wa obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àti pé fóònù rẹ̀ sọnù lọ́nà.

"Fatai, síìmù Asiat dà?" Bùrọ̀dá Sulaiman bi mí lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ.

"Mo ti kán an, ẹ̀gbọ́n."

"O ṣeun. Kí ẹnì kan má baà lọ gbé e nígbà tí Màmá bá kọ̀wé sí i."

N kò kán an. Ó wà nínú fóònù Asiat, tí mo ti pa, lábẹ́ ìrọ̀rí mi. N kò mọ ìdí tí mo fi parọ́ náà. Ó kàn ń ṣe mí bíi pé wọ́n fẹ́ gba nǹkan kan sí i lọ́wọ́ mi.

Oníbàárà kan ní Òkè-Ọ̀pin ń retí àpótí rẹ̀. Mo ti tò ó tán, ó ku kí n dán an wò. Síìmù tí mo fi ń dán iṣẹ́ wò ti kú. Kí n tó gba òmíràn, ó di kí n lọ tò sórí ìlà, kí wọ́n tẹ ìka mi, kí wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, kí n padà wá lọ́la. Ti Asiat sì wà nílé. Mo ní kí n fi í dán an wò fẹ́rẹ́, kí n yọ ọ́.

Iná kékeré ara módẹ̀mù ń ṣẹ́jú kíákíá, bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀. Ó ti rí i. Kí n tó tẹ ohunkóhun, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sójú kọ̀ǹpútà mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá ni. A ti sọ fún wọn pé fóònù sọnù, síbẹ̀ wọ́n ń kọ̀wé.

"Asiat, ṣé o dé Kàdúná láyọ̀?"

"Asiat, wọ́n ní fóònù ẹ sọnù. Tí o bá rí i, dá mi lóhùn."

"Asiat, mo lá àlá ẹ. Ọkàn mi ò balẹ̀."

Mo wò ó pẹ́. Ilé mi ti dákẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e jáde. Wàyí o, ẹnì kan ń pè é nínú ilé náà, bíi pé ó wà ní ilé ìdáná, tó ń fọ abọ́.

Mo tẹ̀ ẹ́: "Mo dé láyọ̀, Màmá. Mo ti rí fóònù mi. Ara mi le."

Mo ní kó lọ. Ó lọ.

Èsì dé kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà: "Alihamdulilahi! Ọmọ mi! Ẹ̀rù ti bà mí!"

Mo sunkún. Ẹkún ayọ̀ ni, ẹ gbà mí gbọ́. Ìtìjú ò tíì dé nígbà yẹn.

Mo to àpótí mìíràn fún oníbàárà mi. Èyí tí síìmù Asiat wà nínú rẹ̀, mo gbé e sórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo fi gílóòbù pupa kékeré kan sí i lórí, kó máa tàn nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọlé, kí n lè rí i láti ibikíbi tí mo bá jókòó sí. Módẹ̀mù máa ń fa iná gan-an nígbà tó bá ń ránṣẹ́. Bí bátìrì ò bá lágbára tó, á kú sẹ́nu iṣẹ́. Mo ra bátìrì tó lágbára fún un. Mo ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn.

Láràárọ̀, gílóòbù á tàn, ọkàn mi á fò. Màmá á ní òjò rọ̀ ní Ìlọfà. Wọ́n á ní ewúrẹ́ Sulaiman ti bímọ. Wọ́n á bi Asiat pé ṣé ọmọ jòjòló náà ti ń rẹ́rìn-ín. Màá dáhùn bí Asiat ṣe máa dáhùn. Ohùn ìyàwó mi kò ṣòro fún mi. Mo ti gbọ́ ọ tó.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń gbé mi jáde. Bí mo bá lọ sí Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀ lọ gbé àpótí kọ́, Màmá á kọ̀wé, wọn ò ní rí èsì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú. Ni mo bá kọ́ àpótí náà láti máa dáhùn fúnra rẹ̀. Bó bá rí "ṣé" nínú ọ̀rọ̀, kó ní "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Bó bá rí "ìgbà wo", kó ní "Láìpẹ́, Màmá. Ẹ ní sùúrù." Ohun tí kò bá yé e, kó ní "Mo dúpẹ́, Màmá. Ara mi le."

Kò gbà mí lákòókò rárá. Ìbéèrè kan náà ni ìyá máa ń bi ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́. Ìgbà tí mo fẹ́ kọ́ irin láti dá a lóhùn ni mo tó mọ̀.

Èmi náà kọ̀wé sí i lọ́jọ́ kan láti orí fóònù tèmi. Mo ní, "Asiat, mo se iṣu lónìí. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù."

Pupa tàn. Èsì dé: "Mo dúpẹ́, Màmá. Ara mi le."

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo rí i pé ohun mìíràn ni mo ń retí. N kò kọ ọ́ mọ́.

Ojú Màmá ti ń yọ wọ́n lẹ́nu kí Asiat tó kú. Dókítà kan ní Ìlọrin ní omi inú ojú ti pọ̀ jù, ó ń pa iṣan tí wọ́n fi ń ríran. Ó ní kí wọ́n tètè wá ṣe iṣẹ́ abẹ, nítorí èyí tó bá ti lọ nínú rẹ̀ kì í padà. Asiat ló ti ṣèlérí pé òun á mú wọn lọ.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì, Bùrọ̀dá Sulaiman wá bá mi ní Òsì.

"Fatai, àwọn àgbà ti sọ̀rọ̀. Jímọ̀ tó ń bọ̀ la máa túfọ̀ fún Màmá."

Mo gbọ́ ọ, ojú mi lọ sórí pẹpẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú wọn ńkọ́? Tí wọ́n bá gbọ́ báyìí, ẹ̀jẹ̀ wọn á ga. Dókítà ò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ojú náà tán ná."

Bùrọ̀dá Sulaiman ronú. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú.

"O ní làákàyè, Fatai. Bí o ṣe ń ro ti Màmá yìí, Ọlọ́run á rò ó fún ìwọ náà."

Kì í ṣe ojú Màmá ni mo ń rò. Ohun tí mo ń rò ni pé bí wọ́n bá túfọ̀ tán, gílóòbù yẹn ò ní tàn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo lọ ṣiṣẹ́ ní Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀. Nígbà tí mo dé, mo ka ohun tó ti kọjá láàárín Màmá àti àpótí.

Màmá ní: "Sulaiman fẹ́ gbé mi lọ ṣe ojú. Mo ní ìwọ ni mo ń dúró dè. Ṣé wàá wá tẹ̀ lé mi?"

Àpótí ní: "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ìgbà wo?"

"Láìpẹ́, Màmá. Ẹ ní sùúrù."

"Ó dáa. Mi ò ní bá ẹlòmíì lọ."

Ẹ lè sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe ìyẹn. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ṣe èyí tó tẹ̀ lé e.

Mo jókòó, mo tẹ̀ ẹ́: "Màmá, ẹ bá Bùrọ̀dá lọ. Ẹ má dúró dè mí." Ó wà lójú kọ̀ǹpútà, ó ku kí n ní kó lọ. Mo wá rò ó pé bí wọ́n bá ti ṣe ojú náà tán, wọ́n á túfọ̀. Mo pa á rẹ́.

Mo kọ: "Ẹ dúró dè mí, Màmá. Hikmah ò tíì lókun ni. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ wa han Bùrọ̀dá, wọ́n á bínú pé mo pẹ́."

Mo ní kó lọ. Ó lọ.

Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìlọfà. Bùrọ̀dá Sulaiman bẹ Màmá, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó wọn náà bẹ̀ wọ́n, Màmá ò gbà.

"Mo ní Asiat ní kí n dúró!" Màmá ń pariwo, bí ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. "Àná ló kọ̀wé sí mi!"

Gbogbo ẹni tó wà nínú ilé náà ló mọ̀ pé Asiat wà nínú ilẹ̀. Wọ́n wo ara wọn lójú. Wọ́n bi Màmá pé ìwé wo, kí wọ́n fi hàn àwọn. Màmá gbá fóònù mọ́ àyà. Wọ́n ní Asiat ní kí àwọn má fi hàn.

Ó tán. Gbogbo ilé gbà pé orí Màmá ti dàrú. Wọ́n gba ìṣáná lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń ti géètì kí wọ́n má baà jáde. Aládùúgbò kan ní kí wọ́n má jẹ́ kí Màmá dá sùn mọ́, nítorí òkú ti ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Bùrọ̀dá Sulaiman pe Àfáà pé kó wá ṣàdúrà. Wọ́n ní kí èmi náà wá, nítorí Màmá fẹ́ràn mi.

Màmá jókòó sáàárín wa lórí ẹní, wọ́n ń wo ẹnu Àfáà bó ṣe ń lọ sókè sódò. Inú ń bí wọn.

"Kí ni wọ́n ń ṣàdúrà fún? Ta ni ara ẹ̀ ò yá níbí?" Wọ́n yíjú sí mi. "Bàbá Hikmah, ìwọ sọ fún wọn. Ṣé ìyàwó ẹ kì í kọ̀wé sí ìwọ náà ni?"

Gbogbo ojú wá sára mi. Ojú wọn kún fún àánú. Wọ́n rò pé ọgbẹ́ mi ni Màmá tún ń ṣí.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ Màmá, mo kọ: "Ẹ fara balẹ̀, Màmá. Ẹ mu omi àdúrà náà."

Màmá kà á. Wọ́n wò mí lójú, wọ́n gba ife náà, wọ́n mu ún tán. Wọ́n mu ún nítorí pé èmi ni mo ní kí wọ́n mu ún.

Mo padà sí Òsì. Mo sọ fún ara mi pé lọ́la ni màá yọ síìmù náà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo sọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi di orin lẹ́nu mi.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo ti Òkè-Ọ̀pin dé. Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Ohun tí Màmá kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyí:

"Asiat, ojú ọ̀tún ti lọ. Mo jí láàárọ̀ yìí, mo bo ti òsì, mi ò rí nǹkan kan. Ìwọ tí mo bí lo fi mí sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìgbà tí ìwọ ń ṣàìsàn ní kékeré, ṣé mo ní kí o dúró? Má pè mí ní ìyá mọ́."

Àpótí mi ti rí "ṣé" níbẹ̀. Ó ti dá wọn lóhùn: "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Mo gbé ọwọ́ lérí. Mo dìde kí n lọ yọ síìmù náà, tòótọ́ ni mo dìde. Ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Bùrọ̀dá Sulaiman ló kọ́kọ́ bọ́ọ́lẹ̀. Wọ́n di Màmá lọ́wọ́ mú wọlé, wọ́n fi wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Màmá ò kí mi. Bùrọ̀dá Sulaiman gba fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n nà án sí mi.

"Kà á. Àárọ̀ yìí ni Màmá tó fi hàn mí. A ti ń pe ìyá wa ní wèrè, Fatai, wèrè ò ṣe wọ́n. Nọ́ńbà Asiat ni yìí, àbí òun kọ́?"

"Òun ni."

"O sì ní o kán síìmù ẹ̀."

"Mo kán an."

Wọ́n dá fóònù padà fún Màmá, wọ́n fà mí sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Á jẹ́ pé wọ́n ti ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì nìyẹn. Gbájú-ẹ̀ kan ló jókòó síbì kan, tó ń fi òkú àbúrò mi ṣeré. Ìwọ lo mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí. Wá a rí fún mi. Ohun yòówù tó bá gbà, wá a rí."

"Ẹ̀gbọ́n..."

"Ojú Màmá kan ti fọ́! Torí pé ó ní kí wọ́n dúró! Ẹni tó bá wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, lọ́jọ́ tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, kó má rí ẹni bu omi fún un."

Wọ́n ń wò mí. Wọ́n ń retí.

"Àmín," ni mo wí.

Bí mo ṣe sọ ọ́ ni pupa tàn lórí pẹpẹ.

Màmá ti kọ̀wé sí Asiat láti orí bẹ́ǹṣì. Mo rí i lẹ́yìn èjìká Bùrọ̀dá Sulaiman. Fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ Màmá, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú òsì, wọ́n kà á. Nígbà tí wọ́n gbórí sókè, pẹpẹ ni wọ́n ń wò.

Ẹni tí kì í gbọ́ràn, ojú ló fi ń rìn kiri ilé. Àwa ń sọ̀rọ̀, Màmá ń wo iná.

Màmá tún tẹ nǹkan. Pupa tàn. Fóònù gbọ̀n.

Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò wo fóònù rárá. Pupa tàn.

Mo fẹ́ lọ síbẹ̀. Bùrọ̀dá Sulaiman ṣì di apá mi mú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ọlọ́pàá. Màmá dìde. Wọ́n fi ọwọ́ tọ ògiri títí wọ́n fi dé ibi pẹpẹ, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí náà. Wọ́n fi ọwọ́ kejì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Pupa tàn láàárín ìka wọn.

Bùrọ̀dá Sulaiman yíjú sí pẹpẹ.

"Fatai," ni Màmá wí. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn, wọn ò pè mí ní orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. "Asiat wà ní Kàdúná. Kí ló dé tó jẹ́ inú èyí ló ti ń dá mi lóhùn?"

Ọwọ́ Bùrọ̀dá Sulaiman ti kúrò lápá mi, ó ti dé ọrùn ẹ̀wù mi.

"Ìwọ ni? Fatai, ìwọ ni? Mo ṣépè, o ṣe àmín!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí."

"O bá wa jókòó níbi àdúrà! O fún Màmá lómi mu!"

"Sulaiman, fi í sílẹ̀," Màmá pariwo. Wọ́n na fóònù wọn sí mi. "Èmi ni mo bi í. Jẹ́ kó kọ ọ́."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn wáyà. Kì í ṣe báyìí la ṣe ń túfọ̀ fún ìyá. Àwọn àgbà ló yẹ kó sọ ọ́, kí ẹnì kan wà nítòsí tí á dì wọ́n mú. Èmi fi àtàǹpàkò mi sọ ọ́.

Mo kọ: "Asiat ti kú, Màmá. Ó ti kú kí ẹ tó gbọ́ pé ó lọ sí Kàdúná."

Màmá gbé e sún mọ́ ojú wọn. Wọ́n kà á díẹ̀díẹ̀, bíi pé ọmọ ilé ìwé kan ló kọ ọ́, tí wọ́n ń wá ibi tó ti ṣì í.

"Ta ló ní kí n dúró?"

Mo fi ọwọ́ lu àyà mi.

"Ti àárọ̀ yìí ńkọ́? Mo ní kó má pè mí ní ìyá mọ́. Ta ló kà á?"

Mo tún lu àyà mi.

Ìgbà náà ni Màmá ké. Ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kì í mọ ibi tí igbe rẹ̀ dé. Gbogbo àdúgbò jáde. Bùrọ̀dá Sulaiman gbá wọn mọ́ra, wọ́n jọ ń sunkún. Èmi ò rí ẹni tí mo lè gbá mọ́ra. Mo yọ síìmù náà, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ Bùrọ̀dá Sulaiman, wọ́n kán an lójú mi.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé Màmá lọ sí Ìlọrin nítorí ojú tó kù, mo lọ dọ̀bálẹ̀ ní Ìlọfà pé kí wọ́n jẹ́ kí n tẹ̀ lé wọn. Bùrọ̀dá Sulaiman ní kí n kúrò níwájú àwọn. Màmá bi wọ́n pé kí ni mo ń wá. Wọ́n kọ ọ́ fún Màmá.

"Ẹ jẹ́ kó wá," ni Màmá wí. "Òun ló ní kí n dúró de ẹni tó máa tẹ̀ lé mi."

Dókítà náà kò dàgbà púpọ̀. Ó wo ojú ọ̀tún Màmá, ó ní òun ò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ó ní ti òsì ṣì ṣeé ṣe. Ó wá wo èmi àti Bùrọ̀dá Sulaiman.

"Ẹ gba ọjọ́ lọ́wọ́ wa, ẹ ò wá. Kí ló dé?"

Bùrọ̀dá Sulaiman ń wo ògiri. Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àti ti gílóòbù pàápàá. Dókítà dáwọ́ ìkọ̀wé dúró. Ó ń wò mí.

Màmá rí ojú dókítà. "Kí lo sọ fún un?"

Mo gba fóònù wọn, mo kọ: "Mo sọ fún un pé èmi ni mo tàn yín."

Màmá kà á pẹ́.

"Kò tó," ni wọ́n wí.

Mo tún na ọwọ́ pé kí n gba fóònù. Wọ́n gbé e kúrò.

"Kò tó. Mo ti bú Asiat kiri gbogbo Ìlọfà. Mo sọ ọ́ lójúde mọ́sáláṣí, mo sọ ọ́ níbi tí mo ti ń ra iyọ̀. Mo ní ọmọ tí mo bí já mi kulẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ń wò mí bí wèrè, àwọn tí kò mọ̀ ń bá mi bú u. Ọmọ mi wà nínú ilẹ̀, mo ń bú u. Kọ ọ́ pé Asiat kọ́. Kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé á ti kà á. Kó má jẹ́ inú fóònù mi."

Wọ́n wọlé lọ ṣe ojú náà. Wọ́n ń ríran díẹ̀ pẹ̀lú ti òsì báyìí. Bí ìwé bá sún mọ́ wọn, wọ́n á kà á.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ikú ẹnì kan bá wà tí ẹ ń pa mọ́ fún ìyá rẹ̀, ẹ lọ bá àwọn àgbà lónìí. Bí ẹ bá sì rí i pé ẹ̀yin ni ẹ ò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, ẹ bi ara yín pé ta ló ni ọ̀fọ̀ tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ ìyá náà.

Ẹ̀yin ará Ìlọfà, Asiat Fọláyan kò já ìyá rẹ̀ kulẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ní kí wọ́n dúró, òun kọ́ ló kọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ ni.

Màmá máa ka èyí. Ojú kan tí mo ṣẹ́ kù fún wọn ni wọ́n máa fi kà á. Asiat kọ́, Màmá. Èmi ni.